Ryzen 7 5700X3D nínú yàrá tí kò ní AC: bó ṣe rí ní Ṣágámù

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà géèmù tó jẹ́ ti AM4, ìyẹn irú ihò kan tí AMD ṣe fún processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), tó sì ń gbé níbi tí ooru ti ń mú bíi tiwa ní Rẹ́mọ níbí, processor Ryzen 7 5700X3D ni mo ní kó rà. Kó wá kúlà gidi, ohun tó ń mú processor tutù, tì í, kó sì tún ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe kó tó náwó sí nǹkan mìíràn. Láti àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń lò ó, òjò ti wá dé báyìí, mo sì ti rí èyí tó dára nínú rẹ̀ àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ṣágámù. Tí mo bá ti máàkì ìwé wọn tán lálẹ́, ọkọ̀ òfurufú ni mo máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà, nínú Microsoft Flight Simulator tí wọ́n gbé jáde ní 2020. Cessna 172 ni mo fẹ́ràn jù. Màá gbéra ní Ìkẹjà, màá tẹ̀ lé títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láti òkè títí màá fi rí oríta Ṣágámù, màá wá yà sọ́tùn-ún gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń tẹ̀ síwájú dé ìhà Ìperu àti Ìlíṣàn, níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀ sí. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń wo ilẹ̀ wa láti òkè bẹ́ẹ̀.

Lórí igbó àti oko, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Ìgbà tí mo bá kọjú ọkọ̀ padà sí Èkó, tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nísàlẹ̀, ni àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì: á dúró díẹ̀, á fò, á tún dúró. Ìgbà tí èèyàn fẹ́ balẹ̀ gan-an ló máa ń burú jù, ìgbà yẹn sì ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tètè gbọ́ ohun tí ọwọ́ wí. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní káàdì fídíò ni kí n pààrọ̀. RX 6600 ni káàdì mi. Ojú ìwé àyẹ̀wò kan wà nínú géèmù náà fúnra rẹ̀, nínú Developer Mode, mo ṣí i, ohun tó sì kọ síbẹ̀ ni "Limited by MainThread". Ìyẹn ni pé káàdì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ó jókòó, ó ń retí processor. Ká ní mo ra káàdì tuntun lọ́jọ́ náà, tuntun ọ̀hún náà á kàn wá jókòó síbẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ èyí wò lórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó fún oníṣòwò kankan lówó.

Processor tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Ryzen 5 2600, ti ọdún 2018, core (ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò nínú processor) mẹ́fà, 16MB cache ìpele kẹta. Core mẹ́jọ ni 5700X3D ní, ṣùgbọ́n cache rẹ̀ ni mo torí ẹ̀ rà á: 96MB. Cache ni ibi tí processor ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ sí, nínú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ó di dandan kó lọ mú un wá nínú RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà tó wà níta processor, ìrìn yẹn sì jìnnà púpọ̀ lójú ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní bílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Géèmù tó ní ilé, ojú ọjọ́, ọkọ̀ àti ọ̀nà tó pọ̀ rẹpẹtẹ láti ṣírò lẹ́ẹ̀kan náà, ìrìn yìí ló máa ń pa á. Ìdí nìyẹn tí processor tí iyára rẹ̀ kò ju 4.1GHz lọ fi ń ṣe dáadáa nínú Flight Simulator àti Counter-Strike 2 ju àwọn mìíràn tí GHz wọn ga jù ú lọ.

Bí wọ́n ṣe rí àyè fún 96MB yẹn ló kan ọ̀rọ̀ ooru. Cache tó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 32MB. AMD wá gé ìpele mìíràn tó jẹ́ 64MB, wọ́n sì tò ó lé e lórí. Àwọn core tó ń mú ooru jáde wá wà lábẹ́ ìpele silicon mìíràn, ooru wọn sì gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé irin òkè, kó tó dé kúlà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ààlà rẹ̀ sí 90°C, nígbà tí 2600 mi ń lọ dé 95°C, wọ́n sì tún dín iyára rẹ̀ kù, tí wọn kò jẹ́ kí ẹni tó rà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sókè. Nígbà tí 9800X3D jáde ní 2024, wọ́n yí i padà, cache wá wà nísàlẹ̀, core wà lókè nítòsí kúlà. AM5 nìyẹn ṣá, ihò tuntun tí kò bá AM4 mu. Bọ́ọ̀dù (motherboard) tuntun àti RAM DDR5 ni ẹni tó bá fẹ́ ẹ máa rà pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí bọ́ọ̀dù B450 mi àti DDR4 mi ṣì ń ṣiṣẹ́ wọn bó ti yẹ.

Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí mi ò ra 5800X3D, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. 449 dọ́là ni wọ́n gbé ìyẹn jáde ní oṣù kẹrin 2022. 249 dọ́là ni wọ́n gbé èyí jáde ní ìparí oṣù kìíní 2024. Cache wọn bára dọ́gba, core wọn bára dọ́gba, 4.5GHz ni ìyẹn ń sá dé. Kò sí ohun tí ojú mi lè rí nínú géèmù tó tó ìyàtọ̀ owó yẹn. Ohun mìíràn tún wà tí mo ka èyí tó rọra ń sáré sí àǹfààní fún: kì í gbóná tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í sì í jẹ iná tó o. 105 wáàtì ni wọ́n kọ fún un, ṣùgbọ́n tí mo bá ń fò, láàárín 50 sí 60 wáàtì ló sábà máa ń wà. Ẹni tó ń fi inverter ṣe géèmù lálẹ́ mọ ohun tí ìyẹn ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ooru dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn àyẹ̀wò tí ẹ ń wò lórí YouTube kò ti bá wa mu. Àwọn tó ń ṣe wọ́n, yàrá wọn tutù, ìwọ̀n bíi 21°C. Kúlà tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́ kò lè mú processor tutù ju atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lára lọ láéláé. Ohun tó lè ṣe ò ju pé kó dín àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kù. Tí àlàfo náà bá jẹ́ ìwọ̀n 40, 61°C ni àwọn máa kà lọ́hùn-ún. Yàrá mi máa ń tó 33°C lọ́sàn-án oṣù kẹta. Processor kan náà, kúlà kan náà, iṣẹ́ kan náà: 73°C ni tèmi. Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe, ilẹ̀ wa ló gbóná. Nítorí náà iyekíye tí ẹ bá rí nínú àyẹ̀wò wọn, ẹ fi ìwọ̀n mẹ́wàá sí méjìlá kún un kí ẹ tó pinnu pé kúlà kan tó. Ẹ sì rántí pé 5700X3D kì í bá kúlà wá nínú páálí rẹ̀. Wraith Stealth kékeré tó bá 2600 wá, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e lé èyí lórí nílùú wa.

DeepCool AK400 ni mo rà. Fáànù kan tó jẹ́ mílímítà 120, páìpù bàbà mẹ́rin, àti ìdì irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ooru ń gbà jáde sínú atẹ́gùn. Mo fẹ́ràn àwọn páìpù yẹn débi pé mo ti gbé kúlà náà lọ sí kíláàsì kí n tó fi í sínú kọ̀ǹpútà. Omi díẹ̀ wà nínú páìpù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, torí náà omi náà kì í dúró dìgbà tó bá tó 100°C kó tó di oru. Á di oru lápá ibi tó kan processor, oru á gun òkè lọ sáàárín àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, fáànù á fẹ́ ẹ, á padà di omi, á sì gba ara páìpù nínú rìn padà sísàlẹ̀. Kò sí pọ́ńpù, kò sí ohun tó lè jò sára bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn fẹ́ràn kúlà olómi tó ń tan iná aláràbarà, ṣùgbọ́n pọ́ńpù máa ń kú nígbà tó bá yá, ibi tí èèyàn máa ti rí òmíràn rà ní kíákíá ní Rẹ́mọ kò sì sí. Tí fáànù AK400 bá kú, fáànù mílímítà 120 mìíràn á gba ipò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 155. Ẹ wọn àpótí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó rà á, kí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ má baà kọ̀ láti tì.

Ẹni tó bá mi fi gbogbo rẹ̀ sí i, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìhà Sábó, níbi tí àwọn Hausa ti ń ra obì. Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè é. Àtúnṣe fóònù àti laptop ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, mo sì kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì bóyá ó mọ kọ̀ǹpútà géèmù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀: "Àǹtí, BIOS yín, ti ìgbà wo ni?" Bọ́ọ̀dù B450 tí BIOS rẹ̀ (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà) ti pẹ́ kò ní dá processor 2024 mọ̀ rárá, ìgbà tí processor àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Iná ìjọba wà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lò ó. Orí inverter rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà sí kó tó tẹ ohunkóhun, torí tí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń kọ ara rẹ̀ lọ́wọ́, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìtọ́nisọ́nà tí mo ti kà ni kò tiẹ̀ dárúkọ èyí, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣáájú fún wa.

Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kó tú kúlà àtijọ́, ó kọ̀. "Ẹ jẹ́ kó gbóná ná, Àǹtí. Tó bá tutù, ó máa fà á jáde ni." Ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí páàsìtì tó ń gbé ooru kọjá láàárín processor àti kúlà lè rọ̀, ó pa á, ó yọ wáyà iná, ó tú sikúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, ó wá ń yí kúlà náà sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ títí ó fi yọ. Ara processor AM4 ni àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-rín wà, 1331 ni wọ́n. Tí èèyàn bá fa kúlà sókè lójijì, processor lè tẹ̀ lé e kúrò nínú ihò rẹ̀ nígbà tí ihò náà ṣì tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ọwọ́ di irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù mú kó tó di pé sikúrù tó kẹ́yìn tú, torí kò sí ohun mìíràn tó dì í mú. Ó nu gbogbo rẹ̀ mọ́, ó to igun processor tuntun tí àmì góòlù wà mọ́ igun ihò tó bá a mu, processor wọlé fúnra rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Páàsìtì tó tó ẹ̀wà kan ló fi sí àárín. Ó wá rí i dájú pé fáànù ń fẹ́ sí ẹ̀yìn àpótí, níbi tí fáànù ìjáde wà.

Iṣẹ́ náà mọ́. Ohun tí mo ní sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ni pé kò kọ rìsíìtì fún mi àfi ìgbà tí mo béèrè, àti pé àwọn oní-fóònù ń dá iṣẹ́ dúró léraléra. Ẹ ní sùúrù tí ẹ bá lọ, kí ẹ sì lọ ní òwúrọ̀. Ohun kan tí kò sọ fún mi, tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: nígbà tí a tan án, kọ̀ǹpútà béèrè lójú dúdú pé processor tuntun ló wà níbí, ṣé kó pa fTPM àtijọ́ (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò sí) rẹ́. Ẹni tó bá ti fi BitLocker ti dírááfù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ recovery key rẹ̀ síta kó tó dáhùn ìbéèrè yẹn, torí Windows á béèrè rẹ̀.

Ó wá ku àbájáde. Ìta gìrì orí Èkó ti lọ. Mo balẹ̀ ní Ìkẹjà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òjò àti ìkùukùu, gbogbo òrùlé Agége nísàlẹ̀ mi, àwòrán ń ṣàn bí omi. Kò sí ohun tí mo tíì rà fún kọ̀ǹpútà yìí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Káàdì RX 6600 yẹn kan náà ló wà níbẹ̀ o, ó kàn rí iṣẹ́ ṣe báyìí ni.

Ooru kọ́kọ́ ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. 2600 pẹ̀lú kúlà rẹ̀ kékeré máa ń wà ní 84°C pẹ̀lú ariwo. 5700X3D pẹ̀lú AK400 wà ní 76°C lọ́sàn-án, èyí tó dára, ṣùgbọ́n kò bá ìṣirò mi mu, mo sì mọ̀ pé kúlà náà lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bọ́ gíláàsì iwájú àpótí náà kúrò, mo sì tún fò. Ó já wálẹ̀ sí 70°C. Gíláàsì yẹn ló ń fún fáànù méjì tó wà níwájú lọ́rùn: àyè tín-ín-rín ló fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn láti mí, atẹ́gùn gbígbóná tí káàdì fídíò ń tú jáde ni kúlà sì tún ń fà padà. Ìyá mi ń ta gbànja, mo sì mọ bí obì ṣe máa ń rí tí wọ́n bá dì í gbagidi sínú agbọ̀n láìfi àyè atẹ́gùn sílẹ̀: inú agbọ̀n á gbóná, bó ti wù kí ìta tutù tó. Àpótí kọ̀ǹpútà tó ní gíláàsì níwájú, bó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Mo gé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, irú èyí tí à ń fi dènà ẹ̀fọn, mo fi dípò gíláàsì náà. Owó tí mo ná lé e lórí kò tó nǹkan, ó sì ṣe mí lóore ju fáànù kejì tí mo ti ń gbèrò láti so mọ́ kúlà. Lálẹ́ tí yàrá bá tutù díẹ̀, 66°C ni mo sábà máa ń rí. Tí mo bá fún gbogbo core níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í kọjá 79°C, ó sì jìnnà sí 90.

Ohun kan lè bí yín nínú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Processor yìí máa ń gbóná lójijì fún ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹ bá ṣí nǹkan, torí ìpele silicon tó bò ó lórí, fáànù á sì pariwo sókè, á tún wálẹ̀, á tún pariwo. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ẹ wọ BIOS, ẹ jẹ́ kí fáànù dúró lójú kan títí ooru á fi dé 60°C, kó wá máa yára díẹ̀díẹ̀ títí dé 80, kí ẹ sì sọ fún un pé kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó dáhùn. Tèmi ti dákẹ́ láti ìgbà náà, mo ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì Cessna mi geere.

Aládùúgbò mi kan ń ya fídíò ìnáwó àti Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó rí tèmi, ó sì fẹ́ ra irú rẹ̀. Mo ní kó má ra á. Géèmù ni cache yìí wà fún. Fún iṣẹ́ fídíò, Ryzen 7 5700X lásán, tó ń sá dé 4.6GHz, á ṣe é dáadáa ju èyí lọ ní owó tó dín kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ṣe géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n 4K, tí káàdì rẹ̀ ti ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́: kò ní rí ìyàtọ̀ tó pọ̀.

Tó bá jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ ti fẹ́ rà á, bí mo ti ṣe, ẹ tan iná fóònù sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo gbogbo ìlà wọn láti ẹ̀gbẹ́, èyíkéyìí tó bá tẹ̀ á hàn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí irin rẹ̀, 5700X àti 5700X3D jọra lẹ́nu ẹni tó ń kánjú tajà. Kí ẹ sì lọ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ 5700X3D wà nínú àwọn processor tó gbà, pàápàá tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù A320 tó ti pẹ́.

Eruku ló kù. Eruku pupa tiwa yìí àti ti ọyẹ́ máa ń di àárín àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúlà pa, nẹ́ẹ̀tì iwájú ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù báyìí. Mo máa ń bọ́ ọ fọ̀ lóṣooṣù. Ti inú, Ẹnjiníà ní blower, owó kékeré ló ń gbà. Ẹ kàn rí i pé ó fi ìka di apá fáànù mú kó tó fẹ́ ẹ, kí fáànù má baà sáré kọjá agbára rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.